Kì í ṣe pákó ló ń pa èèyàn lórí omi

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. N kì í sábà kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, ká sòótọ́, mo kàn máa ń ra tiyín lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń tà á nídìí ọkọ̀ ní Bàrígà ni, màá ka ti kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ níbi tí tọkọtaya ti ń tú àṣírí ara wọn kí n tó ka ti òṣèlú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti bí ọjọ́ mélòó kan, mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà di àrùn sí mi lára.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onípákó ni. Ọkọ̀ ojú omi ò lè dojú dé níbikíbi ní Nàìjíríà báyìí, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ àwọn kan á ti wà lórí rédíò tí wọ́n á máa sọ pé ọkọ̀ onípákó ló fà á, ọkọ̀ ayé àtijọ́, ọkọ̀ àwọn tí ò lajú, kí gọ́fùmẹ́ǹtì fòfin dè é kíá, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dáná sun, kí wọ́n ra ọkọ̀ fáíbà, ìyẹn ọkọ̀ fibreglass. Ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ lórí ètò kan tí mo gbọ́ láàárọ̀ Sátidé, ohùn ẹ̀ rí bí ohùn ẹni tí omi ò tíì kọjá kókósẹ̀ ẹ̀ rí. Mo pa rédíò. Ìyàwó mi ní ṣé wọ́n bú mi ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bú bàbá mi.

Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni bàbá mi ṣe títí ó fi kú. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, láti abúlé kan tí ò jìnnà sí Ayétòrò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò sí níbẹ̀ mọ́, òkun ti gbé e lọ, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n sin ìyá ìyá mi sí, gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìtàn Ayétòrò, ẹ ó rántí pé 1947 ni àwọn ẹlẹ́sìn Àpọ́sítélì dá ìlú yẹn sílẹ̀ létí òkun, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n níṣẹ́ ọwọ́ oríṣiríṣi, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì wà lára ohun tí wọ́n fi lókìkí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn níbẹ̀ ló ń kó ẹja àti èèyàn káàkiri odò Ìlàjẹ. Lónìí òkun ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú ìlú náà, àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, ìlérí àtidí etíkun yẹn sì ti pẹ́ débi pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ti ń bímọ. Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ sínú omi, torí etí omi gan-an ló máa ń wà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń kàn án, torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo yẹn rò pé igi lásán la so pọ̀ tá à ń pè lọ́kọ̀. Láyé bàbá bàbá mi, odindi igi ni wọ́n ń gbẹ́. Wọ́n á wọgbó, wọ́n á wá ìrókò tàbí ọmọ̀, igi tí àwọn onílù náà fi ń gbẹ́ ìlù, tàbí àràbà tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọn ò retí pé kó pẹ́, wọ́n á gé e lulẹ̀, wọ́n á gbẹ́ inú ẹ̀ jáde, wọ́n á fi iná àti omi la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè fẹ̀. Igi tó tóbi tóyẹn ti wọ́n lójú, bí ìgbà bàbá mi ṣe di ìgbà pákó nìyẹn. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ló fẹ́ràn jù fún ìdí ọkọ̀, torí igi yẹn le, kòkòrò tó ń jẹ igi nínú omi oníyọ̀ kì í tètè rí i jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó lè lo ọ̀gànwó tó bá rí i rà. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ pákó ìdí, wọ́n á fi iná yan ibi tó yẹ kó ká sókè níwájú àti lẹ́yìn, ẹni tó ń yan án ò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀ o, torí tí iná bá ti jẹ ẹ́ jù pákó ti bàjẹ́ nìyẹn, tí iná ò bá sì tó, á sán nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, owó sì ti wọgbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to àwọn igi wíwọ́ sínú ẹ̀ bí ìhà èèyàn, ara ìyẹn ni wọ́n á wá kan pákó ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń dí ojú pákó. Wọ́n á tú okùn àtijọ́ tàbí kí wọ́n mú òwú, wọ́n á kì í sáàárín pákó sí pákó, wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù gbá a wọlé, kò, kò, kò, gbogbo abúlé á máa gbọ́ ọ, wọ́n á wá da ọ̀dà gbígbóná lé e, wọ́n á gé páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kàn bo ojú ẹ̀. Òórùn ọ̀dà yẹn ò kúrò nímú mi dòní. Tí wọ́n bá ń tún títì ṣe l'Ékòó tí mo kọjá níbẹ̀, àwọn yòókù á máa dí imú, èmi á dúró díẹ̀.

Kò sí ìwé kankan tí bàbá mi ń wò o. Ìka àti ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń wọn nǹkan, ojú ló fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Tí wọ́n bá sọ ọkọ̀ tuntun sómi, á ní kí èmi tí mo kéré jù wọ inú ẹ̀, kí n dúró láàárín gbùngbùn, kí n má mira, á wá jókòó sétí omi, á máa wo bí omi ṣe gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà míì á wò ó títí ẹsẹ̀ á fi ro mí. Tó bá ti mi orí, mo mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn dáa. Tó bá sọ pé "fà á wá sókè," kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, oníbàárà ìbáà dúró tòun ti owó lọ́wọ́.

Mi ò kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ n sọ ìyẹn náà kí n má baà dà bí ẹni tó ń fi ìka kan tọ́ka sí ẹlòmíì. Ọdún tí mo parí ìwé mẹ́wàá ni bàbá mi pè mí, ó ní kí n dúró ti òun, mo ní rárá, Èkó ni mò ń lọ, iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ kọ́, wáyà ilé. Mo kọ́ ọ, ó sì ń bọ́ mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi ló kọ́ ti ọkọ̀, òun ló ṣì ń ṣe é ní Ìlàjẹ-Bàrígà níbí, létí ọ̀sà, òun àti ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ iṣẹ́ yẹn gan-an, ọ̀kadà ló ń gùn lálẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí mọ́tò òyìnbó tó dé ilẹ̀ yìí, kí là ń pè lọ́kọ̀? Ṣebí eléyìí tó wà lórí omi yìí náà ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ la ti yá orúkọ tá a fún mọ́tò, tá a fún ọkọ̀ ojú irin, tá a fún ọkọ̀ òfurufú. Ẹ máa ń kọ ọ́ gàdàgbà lójú ìwé àkọ́kọ́ pé ààrẹ ni atukọ̀ ìlú, ẹni tó ń tukọ̀, àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ o, kì í ṣe sítíárì mọ́tò. Èbúté Mẹ́ta, Èbúté Èrò, ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí náà ni. Èkó tá à ń kì ní aròmisá lẹ̀gbẹ̀lẹ́gbẹ̀, ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi dé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ọkọ̀ ogun wọn wá lu Èkó ní December 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ àtàwọn èèyàn ẹ̀ kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà ni wọ́n gbà, ọkọ̀ ni wọ́n wọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ fi ń ṣe ọdún Káyòkáyò láti fi rántí ìrìn yẹn di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà FẸ́STÁÀKÌ ní 1977 tí gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé pé sí Èkó, eré ọkọ̀ wà lára ohun tá a fi ṣe wọ́n lálejò. Nígbà yẹn ọkọ̀ onípákó kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga lábúlé Dúfúnà ní Ìpínlẹ̀ Yòbè, lókè ọ̀hún níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, nǹkan líle kan bá a lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, ọkọ̀ onígi ni. Gígùn ẹ̀ tó mítà mẹ́jọ àti díẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n ní ó ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Kò sí ọkọ̀ míì tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà tó dàgbà tó o. Gbogbo ìgbà la fi ń fi í yangàn, àwọn ọmọ wa ń kọ ọ́ nínú ìdánwò, ìjọba gbé e sí Dàmátúrù. Ìyẹn tó ti kú là ń tọ́jú. Èyí tó wà láàyè ní Mákòkó, ní Bàrígà, ní Ìgbókòdá, ní Àgbàdárìgì, òun là ń sọ pé ká dáná sun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ikú, torí òun ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà wá. June 2023, ẹ ó rántí, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lórí odò Ọya lápá Pátígi ní Kwara, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ọlọ́run má jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ onípákó ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aago mélòó ni wọ́n ń rìn? Òru ni. Èèyàn mélòó ni wọ́n kó? Wọ́n kó wọn kọjá ohun tí ọkọ̀ náà lè gbà. Ta ló wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi? Wọ́n ní igi kan tó wà lábẹ́ omi ló gbá, kò sì sẹ́ni tó lè rí i nínú òkùnkùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá kó iye èèyàn yẹn sínú fáíbà lóru, tó lọ gbá igi yẹn, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ṣé fáíbà á sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ ni?

Òfin wà tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ akérò ò gbọ́dọ̀ rìn lálẹ́, pé kí èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì, pé kí wọ́n má kó kọjá iye tó yẹ. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò abẹ́lé ti wà láti 1997, ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2008. Ní 2023 ìjọba tún dá mínísírì tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun nìkan, Oyètọ́lá ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe mínísítà ibẹ̀, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín pé Ọ̀ṣun ò lókun, mo ní ó kéré tán orúkọ odò ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wọn. Òfin ò wọ́n wa. Ẹni tó máa dúró ní èbúté láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó máa sọ fún ọlọ́kọ̀ pé "ìwọ, èrò mẹ́wàá sọ̀ kalẹ̀," òun la ò rí.

Wọ́n ní lórílẹ̀-èdè England láyé ìjelòó, àwọn olówó ọkọ̀ máa ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ títí omi á fi fẹ́ẹ̀ wọlé, ọkọ̀ á rì, wọ́n á gba owó ìbánigbófò, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ á kú. Aṣòfin kan tó ń jẹ́ Samuel Plimsoll bá wọn jà títí, 1876 ni òfin wá jáde pé gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà lásán, tí omi bá ti bo ìlà yẹn, ẹrù ti pọ̀ jù. Ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló le nínú ìyẹn? Bàbá mi mọ ibi tí ìlà yẹn yẹ kó wà lára gbogbo ọkọ̀ tó kàn, mo ti sọ bó ṣe máa ń jókòó sétí omi tó ń wò ó. Ẹ kó àwọn tó ń kan ọkọ̀ jọ, ẹ ní kí kálukú máa fi ọ̀dà funfun fa ìlà sára ọkọ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, kó kọ orúkọ ara ẹ̀ àti ọdún tó kàn án sábẹ́ ẹ̀. Ọmọdé tó wà létí omi gan-an á lè pariwo pé ìlà ti wọmi. Tí ọkọ̀ bá wá já lójú pákó, ẹ ti mọ ẹni tẹ́ ẹ máa mú.

Mi ò ní bo àṣìṣe tiwa náà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ onípákó burúkú pọ̀ níta báyìí. Ọmọ àbúrò bàbá mi fi kan hàn mí ní oṣù tó kọjá, ó ní kí n fi ìka tẹ ìdí ẹ̀, ìka mi wọlé bí ìgbà tí mo tẹ mọ́ínmọ́ín, ọkọ̀ yẹn sì ń kó ọmọ ilé-ìwé láàárọ̀. Ìṣó kúkúrú, igi rírọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó gbẹ, ọ̀dà tí wọ́n fi epo búrúkú là. Kí ló fà á? Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ti di góòlù. Igi gẹdú tó ń gba orí ọ̀sà wá láti Oǹdó àti Ògùn, Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń là á láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, Mákòkó wà lọ́ọ̀ọ́kán níbẹ̀, ẹni tó ń kan ọkọ̀ lè tu ọkọ̀ lọ ra pákó kó sì tù ú bọ̀ kó tó di ọ̀sán. Ìjọba ń kó àwọn onípákó yẹn lọ sí Agbówà lápá Ẹ̀pẹ́ báyìí. Mi ò lòdì sí i, èéfín ibẹ̀ yẹn ò dáa fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń gba Third Mainland kọjá mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnì kan bi àwọn tó ń kan ọkọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe máa máa rí pákó? Àti pé igbó gan-an ti ń tán. Gbogbo igi ńlá inú igbó ọba ni wọ́n ti fẹ́ẹ̀ gé tán, ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá sì gbìn lónìí, ọmọ ọmọ ẹni tó gbìn ín ló máa fi kan ọkọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀.

Fáíbà wá ńkọ́? Mi ò bá fáíbà jà. Ó yá, ó fúyẹ́, kì í jò tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ètò Omi Èkó tí ìjọba Èkó ń bá àwọn ará Yúróòpù ṣe, tí wọ́n ní ọkọ̀ oníná ló máa máa kó èrò, inú mi dùn sí i, iṣẹ́ iná sáà niṣẹ́ mi, bóyá wọ́n á pè mí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn ò ní wọ odò tóóró tó lọ sí abúlé ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní bá ìyá tó ń ta ẹja dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà ẹ̀ ní Mákòkó, níbi tí ọmọ ọdún márùn-ún ti ń tukọ̀ lọ ilé-ìwé. Tí fáíbà bá sì fọ́, owó dọ́là lẹ máa fi ra ohun tẹ́ ẹ máa fi lẹ̀ ẹ́, tí ò bá ṣe é lẹ̀ mọ́, ẹ̀bá omi ni wọ́n ń jù ú sí, kì í jẹrà. Ọkọ̀ onípákó tó bá ti gbó, wọ́n á fi ṣe afárá láti ilé kan sí èkejì, tó bá gbó tán pátápátá wọ́n á fi dáná yan ẹja.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo wọ ọkọ̀ fáíbà kan láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni ín. Ọkọ̀ náà mọ́, wọ́n fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà fún wa kó tó gbéra. Àárín ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Ọmọ tó ń wà á fà á, fà á, ó dákẹ́. Kò ní àjẹ̀ kankan nínú ọkọ̀ yẹn o, kò ní ọ̀pá, kò sí nǹkan kan tá a lè fi tì í, gbogbo wa jókòó, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, tí ìgbì ń gbá wa kiri bí agbè òfìfo. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bí wákàtí kan kọjá kí bàbá kan, ẹ̀yà Ẹ̀gùn, tó yọ sí wa, òun àti ọmọ ẹ̀ nínú ọkọ̀ onípákó tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀, ó ju okùn sí wa, ó fà wá títí dé èbúté. Nígbà tá a dé, mo wo ìdí ọkọ̀ ẹ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni. Mo béèrè ẹni tó kàn án, ó ní bàbá òun ni, pé wọ́n ti yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ìdí ẹ̀ ò tíì yí padà.

Àwọn Ẹ̀gùn wọ̀nyí, àti àwa Ìlàjẹ, àwa la ń fojú sí iṣẹ́ yìí jù l'Ékòó, àwọn èèyàn wọn sì wà ní Gánvíé lórí odò Nokoué ní orílẹ̀-èdè Bìnì (Benin Republic) níbi tí odindi ìlú ti wà lórí òpó nínú omi, tí àwọn òyìnbó ń sanwó láti wá wò ó. Tiwa ní Mákòkó, ní 2012 gọ́fùmẹ́ǹtì wá wó ilé wọn. Ilé-ìwé tó ń léfòó tí Kúnlé Adéyẹmí yàwòrán ẹ̀ síbẹ̀, tí gbogbo àgbáyé gbọ́ nípa ẹ̀, 2016 ló wó. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé ó wó, mo bi ọmọ àbúrò bàbá mi pé ṣé òun rò pé ó máa pẹ́ tẹ́lẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń lu òwú sáàárín pákó ẹ̀ lọ.

Àwọn ará àríwá Yúróòpù, àwọn Dẹ́ńmáàkì, Norway, Sweden, Finland àti Iceland, wọ́n ní ọkọ̀ onírin, wọ́n ní fáíbà, wọ́n lówó jù wá lọ fíìfíì. Ní December 2021 àwọn márààrún pawọ́pọ̀ mú iṣẹ́ ọkọ̀ onípákó wọn lọ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, irú ọkọ̀ tí pákó kan máa ń gorí èkejì bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ogún gbogbo àgbáyé. Àwa náà mọ̀nà ibẹ̀ o, a ti gbé Ifá lọ, àwa àti Bìnì pẹ̀lú Tógò gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ, ọdún ẹja pípa Argungu wọlé ní 2016, ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ wọlé ní 2023. Èwo ni ti ọkọ̀ tí kò ṣe é gbé lọ? Ọkọ̀ la fi ń pa ẹja. Mo mọ̀ pé orúkọ inú ìwé ò lè kan ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ṣòro fún ẹnì kan láti bọ́ sórí rédíò kó sọ pé ká dáná sun ohun tí UNESCO kọ sílẹ̀.

Èyí tó jẹ mí lógún jù nìyí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ti dàgbà, àwọn míì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ohun tí wọ́n mọ̀, inú ọwọ́ wọn ló wà. Yunifásítì ìjọba wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí Ìgbókòdá rárá, kí ló dé tí wọn ò lè gba bàbá méjì mẹ́ta síbẹ̀ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ injiníà bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀, kí àwọn ọmọ yẹn náà wá fi kọ̀ǹpútà wọn ya ọkọ̀ náà, kí wọ́n wọn bí ẹrù ṣe ń jókòó nínú ẹ̀, kí wọ́n jọ rí i bóyá igi míì tó ń tètè dàgbà lè ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ̀pẹ̀? Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, ọmọ ò gbọ́ Ìlàjẹ, kò burú, ojú ni wọ́n á fi kọ́ra wọn. Àwọn ọmọ tó ń ṣe fídíò lórí fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀ yìí náà, ẹ lọ gbé fóònù yín síbi tí wọ́n ti ń yan pákó, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi orin sí i. Kí ìjọba fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní láísẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe ń fún àwa oníṣẹ́ iná, kí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa máa pàdánù tiẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ bá mi rán akọ̀ròyìn yín kan wá sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ-Bàrígà. Kó má wá lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó má sì wá lọ́sàn-án torí oòrùn. Kó wá láàárọ̀ kùtù nígbà tí omi bá fà, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń fa ọkọ̀ sókè láti ha ìdí ẹ̀, kó béèrè ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, tí kò bá tíì rí i, kó dúró kó gbọ́ ibi tí òòlù ti ń dún. Kó wọ bàtà tí kò ní dùn ún tí ọ̀dà bá kàn án.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Oníṣẹ́ Ọkọ̀,
Bàrígà, Èkó.